Bí ẹ ṣe lè tọpasẹ̀ ìyá àgbà yín dé ilé bàbá rẹ̀

Ẹ wọ agbo ilé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ béèrè orúkọ ìyá tó bí bàbá bàbá yín. "Ìyá Òjó" ni wọ́n máa sọ, ọmọ rẹ̀ ló sì ni orúkọ yẹn. Ilé ọkọ ni orúkọ obìnrin ti ń sọnù. Ilé tí wọ́n ti bí i ni kí ẹ wá a lọ.

Àwọn ìyàwó ilé tó ti dàgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ bi, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ baálé. Ẹ ní, "Ọmọ ilé ta ni?" Lẹ́yìn náà, "Báwo ni wọ́n ṣe ń kì í?" Àjọkẹ́ tàbí Àṣàkẹ́ á fi bí wọ́n ṣe ń pè é nílé bàbá rẹ̀ hàn yín, oríkì orílẹ̀ á sì júwe ìlú tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Bí wọ́n bá kì í ní ọmọ Oníkòyí, Ìkòyí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ẹ ń lọ, kì í ṣe ti Èkó. Ṣùgbọ́n ogun tú ọ̀pọ̀ ìlú ká ní nǹkan bí ọdún 1820 sí 1840, àwọn ọmọ Ìkòyí sì wà káàkiri, nítorí náà orílẹ̀ nìkan kò tó, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ orúkọ agbo ilé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí: àwọn ìyàwó mọ oríkì ilé ọkọ dunjú, wọ́n sì lè kì í fún yín dípò tirẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé ti ilé yìí ni, àbí ti ilé tí wọ́n ti bí i?"

Kò sí ẹni tó máa sọ ọdún ìbí rẹ̀ fún yín. Ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ mú un: lùkúlùkú, àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918, tàbí ọdún tí Aláàfin Ládìgbòlù wàjà, 1944. Bó bá ń fún àkọ́bí rẹ̀ lọ́mú nígbà lùkúlùkú, ẹ yọ nǹkan bí ogún ọdún, ẹ kọ 1898, kí ẹ sì fi ọdún 5 sílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ti ikú rẹ̀ tún rọrùn jù. Ẹ wá Yétúndé tàbí Ìyábọ̀ tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀: ó ti kú kí wọ́n tó bí ọmọ yẹn. Ọmọ-ọmọ obìnrin tó ṣáájú rẹ̀, tí wọn ò sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀, ni yóò fi hàn yín pé ó ṣeé ṣe kó ṣì wà láyé nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìyá tó "bọ̀" náà. Ó lè jẹ́ ìyá ìyàwó, kó má jẹ́ ìyá ọkọ.

Ìwé ìjọ tún wúlò, àmọ́ ẹ mọ irú ìjọ tó ni ín. Onítẹ̀bọmi, tó ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1855, ẹni tó ti gbàgbọ́ ló ń rì bọmi, nítorí náà ọjọ́ ìrìbọmi kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́ ń ṣe ti ọmọ ọwọ́, tiwọn sì sún mọ́ ọjọ́ ìbí. Ẹ wá a lábẹ́ Rúùtù tàbí Sárà náà, torí orúkọ tí wọ́n fún un lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n kọ. Wọn kì í sì fi àmì sórí orúkọ: "Abeke" lè jẹ́ Àbẹ̀kẹ́, ó sì lè jẹ́ Àbẹ̀bí tí akọ̀wé gbọ́ lódì.