Bí mo ṣe fi àdírẹ́sì mẹ́ta sórí káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan ṣoṣo lórí FreeBSD

Sáfà kan wà lábẹ́ àbójútó mi tó ń lo FreeBSD (ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan), káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan péré ló sì ní, èyí tó ń jẹ́ em0. Àdírẹ́sì IP 192.0.2.10 ló ń lò fún wẹ́ẹ̀bù (nọ́ńbà àpẹẹrẹ ni mo fi rọ́pò tiwa), ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ímeèlì àti ibi ìdánwò ní àdírẹ́sì tiwọn lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn tí mo ti rí i dájú pé kò sí ẹ̀rọ mìíràn tó ń lo 192.0.2.11 àti 192.0.2.12, mo tẹ àṣẹ yìí:

ifconfig em0 inet 192.0.2.11/32 alias

A kò gbọdọ̀ gbàgbé ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn, alias, nítorí bí kò bá sí, àdírẹ́sì tuntun yóò gba ipò ti àtijọ́, ẹni tó bá sì fi ssh wọlé láti ọ̀nà jíjìn yóò bá ara rẹ̀ níta. /32 náà, tó túmọ̀ sí àdírẹ́sì kan ṣoṣo, kì í ṣe àṣìkọ: àdírẹ́sì àkọ́kọ́ ló ń ru /24 fún gbogbo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà, àwọn yòókù tó bá wà nínú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan náà yóò sì gba /32.

Kí ó má baà pòórá nígbà tí sáfà bá kú tó sì tún tàn, mo kọ ọ́ sínú /etc/rc.conf, fáìlì ètò tí sáfà máa ń kà nígbà tó bá ń tàn:

ifconfig_em0="inet 192.0.2.10/24"
ifconfig_em0_alias0="inet 192.0.2.11/32"
ifconfig_em0_alias1="inet 192.0.2.12/32"

Láti òdo ni nọ́ńbà alias ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀léra, torí ibi tó bá ti já ni ètò náà yóò ti dúró. Ẹni tó bá pa alias0 rẹ́, tó fi alias1 sílẹ̀, kò ní rí àbùkù kankan títí di ọjọ́ tí sáfà náà yóò tún tàn. Lójú tèmi, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀.

Àdírẹ́sì ti wà, ṣùgbọ́n àṣẹ sockstat -4l, tó ń fi ètò tó ń gbọ́ lórí àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan hàn, fi hàn mí pé nginx (ètò wẹ́ẹ̀bù wa) ṣì di *:80 mú, ìyẹn ni pé gbogbo àdírẹ́sì ló gbà. Mo yí listen rẹ̀ sí 192.0.2.10:80. Ní ti ímeèlì, àdírẹ́sì àkọ́kọ́ ni lẹ́tà tó ń jáde ṣì ń gbà lọ, bẹ́ẹ̀ .11 ni a kọ sínú SPF, àkọsílẹ̀ tó ń sọ àdírẹ́sì tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ímeèlì wa ránṣẹ́. Mo fi smtp_bind_address = 192.0.2.11 sínú main.cf, fáìlì ètò Postfix tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́, mo fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ síta, .11 ni ìlà Received rẹ̀ (èyí tó ń fi ibi tí lẹ́tà ti wá hàn) sì gbé wá.