Bí mo ṣe mú inverter ibùdó iná oòrùn bá òfin gírìdì mu

Ìwé àṣẹ ìsopọ̀ kò lè jáde fún ibùdó 1 MW yìí àfi bí inverter rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń sọ iná oòrùn di irú iná tí gírìdì ń lò, bá bá òfin gírìdì mu, ìyẹn ìlànà tí gbogbo ohun tó bá so mọ́ gírìdì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Gírìdì 50 Hz ni: iná rẹ̀ ń lọ ń bọ̀ nígbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí wọ́n ń pè ní frequency. Kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, mo ka òfin náà látòkèdélẹ̀, mo sì kọ gbogbo òǹkà inú rẹ̀ sínú tábìlì: fólítéèjì, frequency, àti iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fi fara dà á kó tó já kúrò lórí gírìdì.

Ẹ má kàn yan orúkọ orílẹ̀-èdè lójú ẹ̀rọ kẹ́ ẹ ní ó ti parí. Ètò tó bá a wá lè jẹ́ ti òfin àtijọ́, èyí tó ní kí inverter já ní kété tí gírìdì bá mì. Kò léwu nígbà tí iná oòrùn ṣì kéré, ṣùgbọ́n nígbà tó ti pọ̀, bí gbogbo wọn bá já pa pọ̀, gírìdì lè wó. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ inverter ni wọ́n tò láti já ní 50.2 Hz, lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dún 2012, ìjọba ṣòfin pé kí wọ́n tún wọn tò.

Mo to tèmi kó máa dín agbára kù láti 50.2 Hz, kó má já. Ìdínkù 5% ni mo lò: 2.5 Hz ló máa gbé e láti agbára kíkún dé òdo. Ní 50.7 Hz, ó gbọ́dọ̀ ti dín ìdá kan nínú márùn-ún. Nínú kí ni? Ibí yìí ni òfin kì í sábà là yéni. Bí ibùdó bá ń mú 600 kW wá, tí a fi 1 MW ṣírò, yóò bọ́ sí 400 kW; tí a bá fi 600 kW ṣírò, 480 kW ni. Mo bi àwọn tó ń darí gírìdì, mo sì gba èsì wọn lákọsílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kan relay ojú ìsopọ̀, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iná, tó sì ń já ibùdó kúrò lórí gírìdì bí iná náà bá ṣe ségesège. Bí inverter tilẹ̀ fara dà á, relay tó yára jù yóò já gbogbo ibùdó. Ní Bìrìtéènì, ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé ìwọ̀n ìyípadà frequency tí relay fi ń já láti 0.125 Hz sí 1 Hz láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo rí i dájú pé ti relay wa pẹ́ ju ti inverter lọ, síbẹ̀ kò kọjá gbèdéke òfin.

Mo fi ẹ̀rọ ìdánwò rán frequency àtọwọ́dá sí wọn, mo gba àkọsílẹ̀ rẹ̀, mo sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti ètò náà pa. Nígbàkígbà tí wọ́n bá sọ sọ́fítíwíà inverter dọ̀tun, ẹ tún gbogbo òǹkà yẹn kà, torí ó lè dá wọn padà sí ti ilé-iṣẹ́.