Ètò Ìnáwó Oṣooṣù ní Chiang Mai fún Arìnrìn-àjò Tó Fẹ́ Pẹ́ Níbẹ̀

Chiang Mai wà ní àríwá orílẹ̀-èdè Táílàndì, nǹkan bíi 700 kìlómítà sí Bangkok, ọba Mangrai ló sì tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1296. Lónìí, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti ibikíbi, àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì àti àwọn tó kàn fẹ́ sinmi fún oṣù mélòó kan ló ń wọ́ lọ síbẹ̀, nítorí pé owó tí kò ní tó san ilé oṣù kan ní London tàbí ní Houston lè gbọ́ bùkátà ènìyàn níbẹ̀ fún odindi oṣù, tilé toúnjẹ. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, àwọn tí owó ń tán mọ́ lọ́wọ́ ní ìlú náà kì í sábà jẹ́ onínàákúnàá: wọ́n jẹ́ ẹni tó ṣírò owó ilé àti owó oúnjẹ, ṣùgbọ́n tí kò ṣírò oṣù tí òun yóò débẹ̀, bí àdéhùn ilé òun yóò ti gùn tó, àti irú físà tí yóò wà nínú ìwé ìrìnnà òun.

Kí ẹ tó kọ iye kankan sílẹ̀, ẹ fi báàtì ṣe gbogbo ìṣirò yín, torí pé òun ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Láàárín ọdún 2024 àti 2025, dọ́là Amẹ́ríkà kan ń wà láàárín báàtì 31 sí 37, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tí owó rẹ̀ wà ní dọ́là lè pàdánù ìdá kan nínú mẹ́fà owó rẹ̀ láì ra nǹkan kan. Ẹni tí owó rẹ̀ wà ní náírà mọ irú ìyà bẹ́ẹ̀ ju gbogbo ayé lọ láti oṣù Kẹfà ọdún 2023. Kó fi owó oṣù kan ó kéré tán sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ìyípadà yìí, kó má sì fọwọ́ kàn án.

Físà ló kàn. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò sí lára àwọn tí Táílàndì ń jẹ́ kó wọlé láì gba físà ṣáájú, nítorí náà ilé ni ẹni tó ń lọ láti Nàìjíríà yóò ti gbà á, kó sì mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú dání, torí pé wọn yóò béèrè rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Àwọn ọmọ wa tó ní ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà rí ọ̀nà tó rọrùn ju èyí lọ: ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba ibẹ̀ fún wọn ní 60 ọjọ́ láì gba físà. Àwọn aláṣẹ ti sọ̀rọ̀ nípa dídín ọjọ́ náà kù, nítorí náà ẹ yẹ òfin náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Fún ẹni tó fẹ́ ju oṣù méjì lọ, oríṣi físà kan wà tí wọ́n ń pè ní DTV (Destination Thailand Visa), èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní 2024 kan náà. Ọdún márùn-ún ló ń lò, ó sì ń jẹ́ kí ènìyàn lo 180 ọjọ́ nígbàkigbà tó bá wọlé. Nǹkan bíi báàtì 10,000 ni owó rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn yóò ní kí ẹ fi hàn pé báàtì 500,000 wà ní àpò yín ní báńkì. Tí ẹ bá lo oṣù mẹ́fà péré nínú rẹ̀, báàtì 1,700 ó dín díẹ̀ ló bọ́ sórí oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọ́ sínú ètò yín bí ẹni tó ń kọ owó iná. Físà arìnrìn-àjò lásán ṣeé sún síwájú fún 30 ọjọ́ ní ọ́fíìsì ìwọlé-wọ̀de ìlú náà, báàtì 1,900 ni wọ́n sì ń gbà. Ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ ni pé ẹni tó bá lo 180 ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún kan ti di ẹni tí òfin owó orí ibẹ̀ mọ̀, àti pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2024, owó tó bá rí lókè òkun tó sì kó wọ Táílàndì lè di ohun tí wọn yóò bu owó orí lé.

Ọ̀rọ̀ ilé ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ẹ má ṣe san owó ilé láti òkè òkun, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ rẹwà tó. Ẹ kọ́kọ́ sùn sí ilé àlejò fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì máa fi ẹsẹ̀ rìn kiri, torí pé ọ̀pọ̀ ilé tó dára tí kò sì wọ́n ni kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Pátákó tí wọ́n gbé síwájú ọgbà ni ẹ ó fi mọ̀ pé yàrá ṣófo. Ní àyíká òpópónà Nimmanhaemin, tí gbogbo ayé ń pè ní Nimman, yàrá kan tó ní balùwẹ̀ tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ báàtì 12,000 sí 20,000 lóṣù, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ilé kọfí àti ilé ìtajà ńlá pọ̀ sí. Tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀ kúrò níbẹ̀ dé Santitham, irú yàrá kan náà lè bọ́ sí 6,000 sí 10,000, àwọn tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà sì pọ̀ ju ti Nimman lọ. Ní tèmi, Santitham ni mo máa ń júwe fún ẹni tó bá bi mí. Inú ìlú àtijọ́, tí odò tí wọ́n gbẹ́ yí ká ní igun mẹ́rin, dùn ún wò, ṣùgbọ́n àwọn arìnrìn-àjò ọlọ́sẹ̀ kan ti sọ ilé ibẹ̀ di ọ̀wọ́n. Hang Dong, tó wà lẹ́yìn ìlú níhà gúúsù, ní ilé ńlá pẹ̀lú àgbàlá, àmọ́ ẹni tí kò ní ọkọ̀ tàbí alùpùpù kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.

Pápákọ̀ òfurufú súnmọ́ àárín ìlú gan-an, bàálù sì máa ń gba orí Nimman kọjá. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ padà lọ wo yàrá náà ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí etí yín yóò máa gbọ́ lóru.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi onílé léèrè iye tó ń gba lórí yúnìtì iná kan. Ibí yìí ni owó ń gbà sá lọ. Iye tí iléeṣẹ́ iná ìjọba ń gbà ń wà láàárín báàtì 4 sí 5, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ni onílé ti ń gba 7, 8, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ amúlétutù ní alaalẹ́ lè jó yúnìtì 200 lóṣù: ní báàtì 4 àbọ̀, ó jẹ́ 900, ní báàtì 8, ó di 1,600. Yàrá tó dín báàtì 500 sí èkejì lè wá wọ́n jù ú lọ nítorí iná nìkan. Òfin kan tó jáde ní ọdún 2018 ní kí onílé tó bá ní yàrá márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ má ṣe gbé èrè lé owó iná, kó má sì gba owó ìdógò tó ju ti oṣù kan lọ, wọ́n sì ti tún òfin náà ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, àmọ́ títí di òní, owó ìdógò oṣù méjì àti owó ilé oṣù kan ni ọ̀pọ̀ ń béèrè kí wọ́n tó gbé kọ́kọ́rọ́ fúnni. Ẹ dúnàádúrà, pàápàá láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án tí òjò ń rọ̀ tí àlejò sì dín kù; ẹni tó bá fọwọ́ sí oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan máa ń rí ẹ̀dínwó ju ẹni tó ń san oṣù kọ̀ọ̀kan lọ. Ẹ ya fọ́tò mítà iná àti ti omi lọ́jọ́ tí ẹ kó wọlé, ẹ ya ògiri, bẹ́ẹ̀dì àti gbogbo ibi tó ti sán tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé lọ́jọ́ náà gan-an kí déètì lè wà lórí rẹ̀. Ẹ sì gba ẹ̀dà ìwé TM30 lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ìwé tí òfin ní kó fi jẹ́ kí àjọ ìwọlé-wọ̀de mọ̀ láàárín wákàtí 24 pé àlejò ti wọ ilé òun. Tí ẹ bá fẹ́ sún físà síwájú, wọn lè béèrè rẹ̀.

Oúnjẹ kò le. Àwo khao soi kan, oúnjẹ tí a fi mọ àríwá Táílàndì, ń jẹ́ nǹkan bíi báàtì 50 sí 80: núdù ẹlẹ́yin nínú ọbẹ̀ àgbọn tó ní kọrí, itan adìẹ kan nínú rẹ̀, núdù díndín tó ń ta kàkà lókè, àlùbọ́sà kéékèèké àti ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìrẹsì pẹ̀lú ẹran díndín àti ewé ẹfinrin ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní pad kra pao, kò ju 50 sí 70 lọ. Ẹ ó sì rí ìyá kan tó ń gún ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n pẹ̀lú ata nínú odó bí ẹni tó ń gún èlò ọbẹ̀. Som tam nìyẹn, ẹ tètè sọ fún un pé ata yín kò gbọdọ̀ pọ̀, torí ata wọn kì í ṣe eré fún ẹni tó fi rodo dàgbà pàápàá. Ní ọjà Thanin àti ọjà Warorot ni kí ẹ ti máa ra èso, ẹ̀fọ́ àti ẹyin, kì í ṣe ní ilé ìtajà ńlá. Pẹ̀lú báàtì 200 sí 250 lójúmọ́, ènìyàn ń jẹun yó. Wàràkàṣì, ọtí wáìnì àti búrẹ́dì aláwọ̀ búráùn ló ń ba ètò ìnáwó jẹ́, torí ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ tún mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yàrá ni kò ní ilé ìdáná. Ẹni tí kò lè ṣe kó má jẹ àmàlà, kó di èlùbọ́ rẹ̀ sẹ́rù, kó sì béèrè bóyá onílé gbà kí òun lo sítóòfù oníná.

Fún ìrìnàjò láàárín ìlú, ọkọ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní songthaew ń gbé ènìyàn ní nǹkan bíi báàtì 30, Grab àti Bolt sì wà fún ẹni tí kò fẹ́ jiyàn owó. Alùpùpù tí ènìyàn yá fún oṣù kan ń jẹ́ 2,500 sí 3,500. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ti ń wakọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ ọ̀tún bíi ti Nàìjíríà. Láì sí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tó kan alùpùpù, iléeṣẹ́ adójútòfò lè kọ̀ láti sanwó ìtọ́jú tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ẹ dé akoto, ẹ má sì fi ìwé ìrìnnà yín ṣe ìdógò lọ́dọ̀ ẹni tó ń yáni ní alùpùpù. Ẹ̀dà rẹ̀ àti owó díẹ̀ ti tó.

Tí ẹ bá fi káàdì báńkì òkèèrè gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ, báàtì 220 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọn yóò yọ nígbà kọ̀ọ̀kan, yálà 2,000 lẹ gbà ni o tàbí 20,000. Nítorí náà, ẹ gba púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ẹ̀rọ náà bá sì béèrè bóyá kí òun fi owó ìlú yín ṣe ìṣirò, ẹ kọ̀. Ẹ jẹ́ kí báńkì yín ṣe é fúnra rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì kò wọ́n: nǹkan bíi báàtì 300 sí 600 lóṣù lórí fóònù ti tó ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Wàyí o, èéfín. Láti oṣù Kejì títí dé oṣù Kẹrin, àwọn àgbẹ̀ ń dáná sun oko, igbó ń jó lórí òkè, èéfín láti Myanmar àti Laos sì ń dà wọlé, gbogbo rẹ̀ á wá dì mọ́ àfonífojì tí ìlú náà wà. Ẹ má fi kùrukùru ọyẹ́ wé e. Àwọn ọjọ́ kan wà tí òkè Doi Suthep, tó dúró gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú, kò ní hàn rárá, tí Chiang Mai á sì wà lára ìlú tí afẹ́fẹ́ wọn burú jù lágbàáyé. Oṣù Kẹta nílò ètò ìnáwó tirẹ̀: ẹ̀rọ asẹ́fẹ́ẹ́fẹ́ bíi báàtì 3,000 sí 6,000, ìbòmú gidi, àti iná tó pọ̀ sí i nítorí pé fèrèsé kò ṣeé ṣí. Ẹni tí ikọ́ fée bá ń yọ lẹ́nu, kó má wulẹ̀ dúró. Kó lo oṣù náà ní etíkun gúúsù, kó sì mọ̀ pé ilé méjì ló ń san nígbà náà. Ìdí nìyí tí àdéhùn oṣù mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje fi sàn ju èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá lọ.

Fún ẹnì kan ṣoṣo tó ń gbé Santitham, ẹ jẹ́ kí a kó o pọ̀: owó ilé 7,500, iná àti omi 1,200, oúnjẹ 7,500, alùpùpù àti epo 3,400, fóònù 400, adójútòfò ìlera 2,000, ìpín físà 1,700, ìgbafẹ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lójijì 3,000. Ó jẹ́ 26,700. Ẹni tó fẹ́ Nimman, kọfí méjì lóòjọ́ àti ibi ìṣiṣẹ́ àjùmọ̀lò yóò ná 45,000 ó kéré tán. Oṣù àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi ojú ọ̀tọ̀ wò: owó ìdógò 15,000, ilé àlejò ọ̀sẹ̀ kan 5,000, àti aṣọ ìbora, ìkòkò pẹ̀lú àwọn ohun èlò kéékèèké 3,000, gbogbo rẹ̀ lé lórí 26,700 yẹn, tó fi di bíi 50,000. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ fi ìwé sọ fún onílé ní 30 ọjọ́ ṣáájú, ẹ ka mítà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ gbé fọ́tò ọjọ́ àkọ́kọ́ jáde, kí ẹ sì gba owó ìdógò yín kí ẹ tó dá kọ́kọ́rọ́ padà, tàbí kí ẹ gba ọjọ́ tí yóò san án sórí ìwé. Ẹ̀rọ asẹ́fẹ́ẹ́fẹ́ àti ìkòkò náà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á rà wọ́n lọ́wọ́ yín ní ìdajì owó.