Bí a ṣe dín wàhálà ẹni tó ń wo sónà kù
Ọ̀sà Ìkòròdú ni a ti ń fi sónà, ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán abẹ́ omi, wá kùkùté igi àti ọkọ̀ tó rì, kí ọkọ̀ èrò má baà kọlù wọ́n. Àwòrán kì í dúró, agogo ìkìlọ̀ ń dún, ẹni tó ń wò ó tún ń kọ̀wé. Orí rẹ̀ á kún.

Mo pa gbogbo ìkìlọ̀ tí kò kan ìsàlẹ̀ omi. Bó bá rí nǹkan, bọ́tìnì kan péré ló máa tẹ̀. Wíwọn nǹkan náà di ìgbà tí a bá gúnlẹ̀.

Pípààrọ̀ ẹni ló ṣiṣẹ́ jù. Mackworth, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti fi hàn ní 1948 pé láàárín ìdajì wákàtí, ojú olùṣọ́ ti máa ń fo nǹkan. Ní ìṣẹ́jú 30, ẹlòmíràn á jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó ń sinmi má wo fóònù!