Ìdánwò Bọ́ Sí Àárín Google Summer of Code: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Láti ọdún 2005 ni Google Summer of Code, tí gbogbo wa ń pè ní GSoC, ti ń san owó fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ kóòdù fún iṣẹ́ open source, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè wo kóòdù rẹ̀, kó sì tún un ṣe. Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹjọ ni wọ́n fi í sí, torí ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù máa ń wà ní họlidé. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2022, ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 Oṣù Kejì títí di 14 Oṣù Kẹwàá, kàlẹ́ńdà ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba sì dàrú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àkókò ni àwọn àbúrò wa ń béèrè nípa rẹ̀ ju kóòdù lọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Oṣù Keje ni ìdánwò wa. Ṣé kí n kúkú jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀ ni?

Rárá o. Láti 2022 ni wọ́n ti fàyè gba irú ẹ. Bí o kò bá sọ nǹkan kan, ọ̀sẹ̀ 12 ni iṣẹ́ náà sábà máa ń gbà. Àmọ́ bí ìwọ àti mentor rẹ, ìyẹn ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà nínú iṣẹ́ náà, bá jọ fẹnu kò, ẹ lè nà án dé ọ̀sẹ̀ 22, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí Oṣù Karùn-ún lè ṣe é wọ Oṣù Kọkànlá. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ní kò pọn dandan kéèyàn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, bó bá ṣáà ti pé ọmọ ọdún 18, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ open source.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ nìkan ni wọ́n dẹ̀, wọn kò dín wákàtí kù. Iṣẹ́ ńlá jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 350, ti àárín jẹ́ 175, kékeré tí wọ́n fi kún un ní 2024 sì jẹ́ 90. Ṣírò ó wò: wákàtí 350 láàárín ọ̀sẹ̀ 12 máa lé díẹ̀ ní 29 lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí lẹ́kíṣọ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀, tó ń ti ibẹ̀ bọ́ sí láàbù, ibo ló ti fẹ́ rí i? Pín in sí ọ̀sẹ̀ 22, ó di 16. Wákàtí 175 láàárín ọ̀sẹ̀ 22 kò ju mẹ́jọ lọ lọ́sẹ̀, Sátidé kan lè gbé e. Bó bá jẹ́ èmi ni, 175 ni màá mú, màá sì fi ọ̀sẹ̀ ìdánwò sílẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ ìdánwò sínú proposal, ìyẹn ìwé tí mo máa fi béèrè iṣẹ́ náà, wọn ò ní mú mi.

Inú proposal gan-an ni kó o kọ ọ́ sí. Ibí ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń pàdánù, ó sì máa ń dùn mí wọra, torí pé wọ́n mọ iṣẹ́. Wọ́n á ṣèlérí pé gbogbo ọ̀sẹ̀ làwọn máa ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, nígbà tó bá wá di Oṣù Keje, a ò ní gbúròó wọn mọ́. Àwọn tó ń ka proposal mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣèdánwò. Ẹni tó bá dédé pòórá ni wọ́n ń sá fún.

Kọ ọ́ báyìí: "Ọ̀sẹ̀ 1 sí 5, wákàtí 11 lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ìdánwò: n kò ní kọ kóòdù, àmọ́ màá dáhùn ìméèlì láàárín ọjọ́ méjì. Ọ̀sẹ̀ 9 sí 16, wákàtí 15 lọ́sẹ̀." Ro ó pọ̀, 175 ló máa fún ọ. Ẹni tó bá ka èyí á rí i pé o ti jókòó ti kàlẹ́ńdà rẹ. Bí wọ́n bá sì ti gbà ọ́, rán mentor létí kó yí ọjọ́ ìparí padà lójú òpó GSoC, torí kì í ṣe ìwọ lo máa yí i.

Wọ́n ti mú mi, iṣẹ́ ti ń lọ, ni iléèwé bá yí ọjọ́ ìdánwò padà lójijì. Kí ni kí n ṣe?

Kọ̀wé sí mentor lónìí. Má dúró kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé wa máa ń jẹ́ ká fi ìlàjì lẹ́tà tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà á ní Jámánì, ọjọ́ ló ń wá nínú rẹ̀: ọjọ́ wo ni ìdánwò bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ wo ló parí, kí lo ti ṣe, kí ló kù, ọjọ́ wo lo fẹ́ kí ìparí sún sí. Ìlà márùn-ún tó.

Ó dáa kí lẹ́tà náà ṣáájú ìgbéléwọ̀n àárín, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá dé àárín. Ìwọ àti mentor lẹ máa kọ ìgbéléwọ̀n yẹn, olúkálukú tirẹ̀. Bí ọjọ́ bá kọjá tí o kò kọ tìrẹ, o ti já nìyẹn, kóòdù rẹ ì báà dára bí kí ló dé. Ẹni tó bá sì já ní àárín ti jáde nínú ètò náà, ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n sún ọjọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mentor náà lè sọ pé òun ò lè nà án. Òun náà ní iṣẹ́ àti ìdílé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ wo ohun tẹ́ ẹ lè yọ kúrò nínú iṣẹ́ náà.

Tí mo bá nà án, ṣé owó mi máa dín kù?

Kò ní dín, kò sì ní pọ̀ sí i. Bí iṣẹ́ ṣe tóbi tó àti orílẹ̀-èdè tó o wà ni wọ́n ń wò. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń san án, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn ìgbéléwọ̀n àárín, 55 tó kù ní ìparí. Bí iṣẹ́ bá gùn, ìgbéléwọ̀n àárín náà á sún síwájú, owó á sì pẹ́ kó tó dé. Bó bá jẹ́ pé owó iléèwé lo fẹ́ fi san, yáa tètè mọ̀.

Iná àti dátà ńkọ́?

Ìyẹn ò gba sísún ọjọ́. Máa ti iṣẹ́ rẹ sórí GitHub, ibi tí wọ́n ń tọ́jú kóòdù sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní gbogbo alẹ́, bí kò tiẹ̀ tíì parí. Bí NEPA bá mú iná fún ọjọ́ mẹ́ta, mentor á ṣì rí ibi tó o dé.

Mo wà ní SIWES, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa níṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ń lọ sí kám̀pù NYSC.

SIWES ń gba gbogbo ọ̀sán, nítorí náà mú iṣẹ́ wákàtí 90, tàbí 175 tó o nà dáadáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kám̀pù. Kí ọ̀rẹ́ rẹ kọ ọ́ sínú proposal bí ìgbà tó ń kọ ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Outreachy, ètò mìíràn tó ń san owó fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ open source, ńkọ́, ṣé òun náà ṣeé nà?

Kò rí bíi ti GSoC. Wákàtí 30 lọ́sẹ̀ ni, fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, wọ́n sì ń béèrè kàlẹ́ńdà iléèwé rẹ nígbà tó o bá ń forúkọ sílẹ̀. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣe é lọ́dún, ọ̀kan láti Oṣù Karùn-ún, èkejì láti Oṣù Kejìlá. Gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà rẹ kó o tó mú ọ̀kan.