Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Tó Ń Ka Másítà Nínú Ìmọ̀ Oúnjẹ Aṣaralóore ní Ifẹ̀

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló gbà pé kọ̀ǹpútà ni yóò gba àwọn sílẹ̀ bí dátà bá dàrú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ gbígba dátà tó bá ti bàjẹ́ ní Mọdákẹ́kẹ́ tàbí ní Iléṣà, kò sí ìṣirò tó lè tún un ṣe mọ́. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú ìkìlọ̀ mi fi dá lé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn ìyá ọmọ.

Kí á yára mú ti kíláàsì kúrò ńlẹ̀. Bí ẹ bá ka food science ní dìgírì àkọ́kọ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìyẹn ń wo bí a ṣe ń ṣe oúnjẹ tí kò fi ní bàjẹ́. Ìmọ̀ oúnjẹ aṣaralóore ń wo ohun tí oúnjẹ ń ṣe lára èèyàn. Ẹ má sá fún statistics. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹbí sọ yín di ẹni tí ń yan oúnjẹ fún alárùn ìtọ̀ ṣúgà: iṣẹ́ dietitian ni, ó ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀.

Ẹlòmíràn á ṣa àkòrí láti inú ìwádìí àwọn ará Amẹ́ríkà, á wá máa wá ẹni tó ń jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kiri Lágere. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ni iṣẹ́ ńlá ti ṣẹlẹ̀. Ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ni Dókítà David Morley wà ní àwọn ọdún 1950. Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti ń wọn àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ léraléra, ibẹ̀ sì ni káàdì ìdàgbàsókè tí ìyá ń tọ́jú sọ́wọ́ ti gbéra lọ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Kí èèyàn jókòó sí Ifẹ̀ kọ ìwé lórí ìdàgbàsókè ọmọ láìdárúkọ Ìmẹ̀sí, ó máa ń dùn mí.

Àṣìṣe tó burú jù wà nínú bíbéèrè oúnjẹ wákàtí 24, ìyẹn gbogbo ohun tí èèyàn jẹ àti ohun tó mu láti àná. Akẹ́kọ̀ọ́ á dé ọ̀dọ̀ ìyá kan lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà, á ní, “Mà, kí lẹ jẹ lánàá?” Ìyá á ní, “Ẹ̀kọ láàárọ̀, ẹ̀bà lálẹ́.” Ó ti kọ ọ́, ó ti ń lọ. Kò béèrè ohun tí wọ́n fi jẹ ẹ̀kọ. Kò béèrè bóyá ẹ̀fọ́ ni tàbí ilá, bóyá ẹja wà níbẹ̀, àti ta ló jẹ ẹja náà. Àkàrà tí wọ́n rà lójú ọ̀nà, ẹ̀pà tí wọ́n ń jù sẹ́nu bí wọ́n ṣe ń tajà, ọsàn tí aládùúgbò bó fún wọn, kò sí èyí tó wọ ìwé. Ẹ bá wọn tọ ọjọ́ náà láti òwúrọ̀: “Nígbà tí ẹ jí, kí lẹ kọ́kọ́ fi sẹ́nu? Kí ẹ tó dé ọjà ńkọ́?” Ọjọ́ kan ṣoṣo kò sì tó, torí oúnjẹ ọjọ́ ọjà kì í ṣe ti ọjọ́ Ìsinmi, inú ààwẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ béèrè ọjà, kí ìwé tó jáde nínú báàgì. Bí ẹ bá ṣe “há!” nígbà tí ìyá sọ pé gààrí lọmọ mu, láti ibẹ̀ lọ, ẹyin àti mílíìkì nìkan ni ẹ ó máa gbọ́.

Bí wọ́n bá sọ iye tí wọ́n jẹ, ẹ rántí pé ìgbákọ méjì ìyá kan kì í ṣe ti ìyá kejì. Ẹ ra ẹ̀kọ àti fùfú tí wọ́n ń tà ládùúgbò yẹn, kí ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ẹ má fi tábìlì èròjà oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè, èyí tó ń sọ iye èròjà aṣaralóore inú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ṣírò oúnjẹ wa. FAO, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà jáde ní 2012, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019.

Ní ti wíwọn ọmọ: ẹni tí kò tíì pé ọdún 2, ìdùbúlẹ̀ la ti ń wọn gígùn rẹ̀, ẹni tó bá ti pé e, ìdúró ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì tó sẹ̀ǹtímítà 0.7, ó sì lè sọ ọmọ tó ga tó di ẹni tó kúrú sí ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ má gba “á ti tó ọdún méjì” gbọ́. Ẹ ní kí wọ́n mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wá. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú-àáyá 3. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn wọlé, tí kò tètè padà, omi ló wú u, òṣùwọ̀n yóò sì máa tàn yín jẹ.

Ẹ má gba dátà ẹnikẹ́ni kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí tó fọwọ́ sí i. Bí téèpù tí a fi ń wọn apá bá sì fi hàn pé àyíká apá òkè ọmọ oṣù 6 sí 59 kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, àìjẹunkánú tó le ni. Àwọn kan á kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, wọ́n á kọjá sílé kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Kí ẹ tó jáde nílé láàárọ̀, ẹ ti bá nọ́ọ̀sì ibùdó ìlera tó súnmọ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀, kí owó ọkọ̀ ìyá àti ọmọ náà sì ti wà lápò yín.