Bí mo ṣe ń lo họ́ọ̀pù Goldings nínú bíà ọkà bàbà

Ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn họ́ọ̀pù náà, ìyẹn òdòdó gbígbẹ tí a fi ń mú bíà korò, tí a sì fi ń fún un ní òórùn. Ẹ bù ú díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ọwọ́ kejì ra á títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ wá gbé e símú. East Kent Goldings tó ṣì dára máa ń ta sánsán bí òdòdó, oyin á rọra tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni nǹkan bíi táìmù tí a fi ń se ìrẹsì. Ẹ̀lẹ̀ ló fi ń ṣe tirẹ̀. Ti Fuggle, họ́ọ̀pù mìíràn tí òun náà jẹ́ ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jọ igi àti ilẹ̀ tútù. N kò kórìíra rẹ̀, àmọ́ Goldings ló bá ọkà bàbà mi mu.

Ọkà bàbà náà, ọjà Bódìjà ni mo ti ń rà á. Mo ń rẹ ẹ́, mo ń jẹ́ kó hù, mo sì ń sá a, bí ìyá àgbà mi ṣe ń ṣe fún ọtí ọkà.

Láti 2013 ni òfin ti dáàbò bo orúkọ East Kent Goldings: èyí tí wọn kò bá gbìn ní ìlà-oòrùn Kent, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ. Ẹ ka ara ọ̀rá rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì wo iye alpha acid, torí òun ló ń mú bíà korò. Ó sábà máa ń wà láàárín 4 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún bíà lítà 20, bó bá jẹ́ 5, gíráàmù 30 ni mò ń dà sí omi mọ́ọ̀tì (omi tí a fi ọkà tó ti hù náà ṣe) tó ń hó, kó sì hó fún wákàtí kan. Bó bá jẹ́ 4, mo máa ń gbé e dé 37.

Ṣùgbọ́n wákàtí kan yẹn, ìkorò nìkan ló ń yọ. Ooru á ti gbé òórùn lọ. Nítorí náà ni mo ṣe ń fi gíráàmù 20 sí i nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 10, tí mo sì ń da 15 sí i ní kété tí mo bá pa gáàsì, kí n tó dé ìkòkò fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fo ìpele yìí o.

Ooru Ìbàdàn ni ọ̀tá họ́ọ̀pù. Ní oṣù Kẹta ọdún kan, mo fi ọ̀rá tí mo ti ṣí sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo padà dé ìdí rẹ̀, òórùn ìbọ̀sẹ̀ tó ti lágùn-ún ló ń ti inú rẹ̀ jáde. Mo lò ó bẹ́ẹ̀, gbogbo lítà 20 ni mo sì dà nù. Ó dùn mí gan-an. Báyìí, mo máa ń fún afẹ́fẹ́ jáde, mo ń dè é pinpin, mo sì ń tì í sí ìsàlẹ̀ fírísà. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i.

Bí yíìsì bá sì ti ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sínú ọpọ́n omi, kí ẹ máa fi píọ̀ wọ́tà tó ti dì sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, kó má gbóná ju 20°C lọ. Bó bá gbóná jù, òórùn yíìsì á bo ti Goldings mọ́lẹ̀.

Àbúrò mi fẹ́ràn bíà tó tutù bíi yìnyín. Ti èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé e jáde nínú fíríìjì, kó lo ìṣẹ́jú 10 lórí tábìlì kí ẹ tó ṣí i.